Metadata: àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́

Nọ́ńbà 12.4 wà nínú fáìlì. Òjò ni, àbí omi odò? Mílímítà ni, àbí íǹṣì? Níbo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ní aago mélòó, irin iṣẹ́ wo ni wọ́n lò? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni à ń pè ní metadata. Dátà ni nọ́ńbà. Metadata ni àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́.

Ẹ wo Hubbard Brook, igbó ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, Amẹ́ríkà. Láti 1963 ni wọ́n ti ń bu omi òjò àti omi odò níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti yẹ ohun tó wà nínú wọn wò. Wọ́n pín igbó náà sí agbègbè odò kéékèèké, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ní ìparí 1965 wọ́n gé gbogbo igi agbègbè 2 lulẹ̀, wọ́n sì fín oògùn apakoríko sí i ní 1966, 1967 àti 1968 kí nǹkan má bàa hù. Nitrate (èròjà tó ní nitrogen nínú) inú odò ibẹ̀ fò sókè gan-an. Ẹni tó bá gba fáìlì náà lónìí láìrí àkọsílẹ̀ yẹn á máa wá ohun tó fà á nínú òjò tàbí nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi tí wọ́n gé àti oògùn tí wọ́n fín ló fà á. Agbègbè 6, tí wọn ò fọwọ́ kàn, ni wọ́n fi ń wé àwọn ìyókù. Kò sí ibi tí èyí hàn nínú nọ́ńbà fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n ló máa ń kó àgbà sí wàhálà jù. Ká ní ẹni méjì wọn nitrate inú odò kan náà, tí àwọn méjèèjì kọ "mg/L" sórí kọ́lọ́ọ̀mù. Ọ̀kan ka gbogbo nitrate (NO3), èkejì ka nitrogen inú rẹ̀ nìkan (NO3-N). Nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ á tó ìlọ́po 4.43 ti èkejì, omi kan náà sì ni. Ẹ so wọ́n pọ̀ láìbéèrè, odò á dà bí ẹni pé ó yí padà lóru ọjọ́ kan.

Ọjọ́ tí irin iṣẹ́ bá bàjẹ́, kò sí nọ́ńbà. Ẹ má kọ 0, torí 0 túmọ̀ sí pé ẹ wò ó, òjò ò sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ibùdó ń fi -9999 dí àlàfo náà. Bí metadata ò bá sọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á kà á mọ́ ìyókù: ọjọ́ mẹ́sàn-án tí òjò jẹ́ 10 mm, pẹ̀lú -9999 kan lọ́jọ́ kẹwàá, ìpíndọ́gba á di -990.9 mm. Ìyẹn ṣì dára, ojú á rí i. Bó bá jẹ́ 0 ni wọ́n fi síbẹ̀, ìpíndọ́gba á di 9 mm, kò sì sẹ́ni tó máa fura.

Ní ti ọjọ́, 03/04/1998 jẹ́ oṣù kẹta fún ará Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin fún ará Nàìjíríà. 1998-04-03 ni kí ẹ kọ: ọdún, oṣù, ọjọ́. (Excel a máa yí ọjọ́ padà láìgba àṣẹ, ẹ ṣọ́ ọ.) Aago náà ńkọ́? Wọ́n máa ń yí aago síwájú sẹ́yìn lọ́dọọdún ní New Hampshire, nítorí náà wákàtí kan á wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró lórí UTC-5 (wákàtí márùn-ún lẹ́yìn UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n) yíká ọdún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Hubbard Brook wà lára àwọn ibùdó LTER (àjọṣe àwọn ibùdó ìwádìí àyíká ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Amẹ́ríkà) láti 1988. EML (Ecological Metadata Language), ìlànà ìkọ metadata tí wọ́n ń kọ bíi fáìlì XML tí kọ̀ǹpútà lè kà, ni wọ́n fi ń to metadata níbẹ̀: orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àmì àlàfo rẹ̀, ibi àti àkókò, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí EDI (Environmental Data Initiative), ilé ìpamọ́ dátà àyíká, ẹ̀rọ ibẹ̀ á fi EML wé tábìlì. Bí EML bá sọ kọ́lọ́ọ̀mù 8 tí tábìlì sì ní 9, àṣìṣe náà á jáde sójútáyé. Bí wọ́n bá tún nǹkan ṣe lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ẹ̀dà á fi ọ̀kan lé, ẹ̀dà àtijọ́ ò sì ní kúrò níbẹ̀. Dátà tí wọ́n kọ́kọ́ kó bọ̀ láti inú igbó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú ẹ̀dà míì ni wọ́n ti ń ṣàtúnṣe.