Iná Tanátaná Kì í Ṣe Ojú Àjẹ́

Lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́, ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní apá Ẹbúté Ìkòròdú, màmá kan fa ìborùn bo ojú ọmọ-ọmọ wọn. Iná kékeré kan ló ń tàn tó ń kú lórí koríko etí gọ́tà. "Má wò ó! Ojú àjẹ́ nìyẹn. Tó bá ti rí ẹ, á tẹ̀ lé ẹ délé." Ọmọ ti ń sunkún.

Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, tanátaná ni." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Kòkòrò lásán? Ta ló wá ń bá a tan iná, ta ló ń bá a pa á?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó yẹ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn máa fi bàtà tẹ ẹ̀dá tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan pa.

Mo rọra fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ọ̀kan. Kò ta mí, kò gbóná rárá. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìyẹ́ líle bo ìyẹ́ tó fi ń fò, bíi ti ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Abẹ́ ìdí rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Ibẹ̀ ni iná ti ń jáde.

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní luciferin wà níbẹ̀. Bí ọ́síjìn bá kàn án, tí èròjà kejì, luciferase, sì bá a ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ láìsí ooru tọ́wọ́ lè mọ̀. Ní 1947, William McElroy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ATP, tí ara àwa náà fi ń rí agbára, ló ń gbé iná yìí ró. McElroy máa ń sanwó fún àwọn ọmọdé kí wọ́n lè bá a mú tanátaná wá! Iṣan ara kòkòrò náà ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò tàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tan án, òun náà ló ń pa á.

Ìyàwó ló ń wá.

Ẹ̀yà tanátaná tó wà láyé ju 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ní bí tiwọn ṣe ń ṣẹ́jú. Akọ Photinus pyralis ti Amẹ́ríkà á máa fò, á tan iná ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 síra. Abo tó jókòó sórí koríko á dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó dáhùn. Ìdúró yẹn ni akọ fi ń mọ̀ pé ẹ̀yà òun ni. Èèyàn tó bá tan tọ́ọ̀ṣì kékeré lásìkò yẹn, tó tètè pa á, akọ lè fò wá bá a. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ó ń tẹ̀ lé mi" ti lè ṣẹ̀: kòkòrò rò pé abo ló ń pe òun.

Ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà o. Abo Photuris, irú tanátaná mìíràn, máa ń dáhùn bí abo ẹ̀yà mìíràn, kí akọ lè wá, kó pa á jẹ. Ṣùgbọ́n tanátaná ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tàn jẹ, kì í ṣe ọmọ èèyàn.

Ohun tó ń dùn mí ni iná ńlá inú ọgbà yẹn. Nídìí àwọn òpó, mi ò rí ẹyọ kan. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bo tiwọn mọ́lẹ̀, akọ kò ní rí ìdáhùn. Wọ́n tún ń fín oògùn sí koríko tútù, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń jẹ ìgbín kéékèèké.

Mo bẹ màmá pé ká pa tọ́ọ̀ṣì fóònù. Wọn ò tíì gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n wọ́n ká ìborùn kúrò lójú ọmọ. Iná tàn, ó kú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ení, èjì..." Ó ka dé ẹ̀ta, iná tún tàn.