Kì í ṣe iná ọdún 1922 ló gbé baba ńlá yín mì

Ẹ bi ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti Írẹ́lándì wá pé abúlé wo gan-an ni baba ńlá rẹ̀ ti gbéra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ohun tí yóò sọ ni pé, "Gbogbo ìwé wọn ló jóná ní 1922." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wọn ṣe àna ti kọ́ ọ, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Tíṣà á ní kí ọmọ lọ kọ ìtàn ìran rẹ̀ wá. Ìhà Ìjẹ̀bú á kún ojú ìwé méjì, tòun ti oríkì. Ní ìhà kejì, wọ́n á kọ "iná" síbẹ̀, wọ́n á pa ìwé dé.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé iná jó. Láti oṣù kẹrin ọdún 1922 ni àwọn jagunjagun tí kò fara mọ́ àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti gba Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá tó wà ní Dublin. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbá lù wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ohun abúgbàmù bú níbẹ̀, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí nínú ọgbà náà sì jó ráúráú. Ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, àfi àjẹkù díẹ̀. Àwọn ìwé ìhágún bá a lọ. Ó lé ní ìdajì àwọn ìwé ìsàmì Church of Ireland, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà tiwọn, tó bá a lọ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ti 1861 ńkọ́? Ti 1871, ti 1881, ti 1891? Àwọn yẹn kò rí iná sójú rárá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n run ti 1861 àti 1871 lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iye ènìyàn tí wọ́n ń wá jáde. Ti 1881 àti 1891, ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí pẹ́pà wọ́n ni wọ́n lọ̀ wọ́n pọ̀ di pẹ́pà mìíràn. Bóyá torí pé kò sí ẹni tó ń kọrin nípa akọ̀wé tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ṣe kó gbogbo ẹ̀bi lé iná lórí.

Ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lódindi, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1864 ni wọ́n ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀, ìwé wọ̀nyẹn kò sì sí ní Four Courts nígbà tó jó. Ìwé owó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Griffith's Valuation, tí wọ́n ṣe láàárín 1847 sí 1864, ní orúkọ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn Kátólíìkì. Àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sá fún ìyàn 1845 sí 1852, ìgbà tí àrùn ba ọ̀dùnkún (Irish potato) tí wọ́n ń jẹ jẹ́ nínú ilẹ̀. Ọwọ́ àwọn fadá wọn ni ìwé ìsàmì wọn wà, ìjọba kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ní Dublin ya fọ́tò àwọn ìwé náà, wọ́n sì gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, ẹnikẹ́ni lè wò ó láì san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìsàmì baba ńlá òun tó jẹ́ Kátólíìkì jóná ní Four Courts ń ṣọ̀fọ̀ ẹrù tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí ilé jó.

Kódà ìkànìyàn tó jóná fi àmì sílẹ̀. Ní 1908 wọ́n ṣòfin pé kí ìjọba máa fún ẹni tó bá ti pé 70 ọdún lówó. Arúgbó tí wọ́n bí ṣáájú 1864 kò ní ìwé ìbí tó lè fi hàn, ni wọ́n bá ní kí akọ̀wé lọ wo ìkànìyàn 1841 àti 1851 bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ìkànìyàn jóná, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi béèrè kò jóná. (Owó yìí náà ló fa á tí àwọn kan fi fi ọdún 15 dàgbà láàárín 1901 sí 1911. Ẹ má fi ọjọ́ orí inú 1911 búra.)

Kí ló wá dé tí wọn kò rí baba ńlá wọn? Wọn kò mọ orúkọ ibi tó ti wá ni. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sáré kọjá.

Írẹ́lándì kéré lójú àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n county 32 ló wà ní erékùṣù náà. Inú county ni parish wà, ìyẹn àgbègbè tí ìjọ kan ń bójú tó, inú parish ni townland wà. Orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ tàn yín, townland kì í ṣe ìlú. Ilẹ̀ ni, tó ní ààlà àti orúkọ tirẹ̀. Ó lè má ní ju ilé mẹ́ta mẹ́rin lọ, òmíràn kò tilẹ̀ ní ilé kankan. Wọ́n lé ní 60,000. Ẹni tó wọ Ìbàdàn tó ní ilé Àkànbí ni òun ń wá, tí kò mọ orúkọ agbo ilé, ẹ mọ bí ọjọ́ yẹn yóò ṣe rí fún un. Òótọ́ ni pé a lè fi orúkọ ènìyàn wá ìwé lónìí, ṣùgbọ́n ẹ tẹ Mary Murphy kí ẹ wo iye tí yóò jáde.

Àwọn ìwé Amẹ́ríkà kì í sì í ranni lọ́wọ́. Ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi ìgbà ìyàn, "Ireland." Ìkànìyàn Amẹ́ríkà, "Ireland." Ìwé tí wọ́n fi di ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 1906, ó ṣọ̀wọ́n kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òkúta ojú oórì bá ní "Cork," kò tíì tó ohun à ń jó fún: Queenstown, tí wọ́n ń pè ní Cobh lónìí, tó wà ní county Cork, ni ẹgbàágbèje ènìyàn ti wọkọ̀, nígbà mìíràn èbúté tí ẹni náà rí kẹ́yìn ni àwọn ọmọ ń rántí. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí orúkọ parish, ká ní Kilmore ni, Kilmore wà ní Cavan, ó wà ní Wexford, ó wà ní Roscommon, ó wà ní Armagh. Lẹ́yìn ìyẹn, fadá lè ti fi Látìnì kọ orúkọ, kí James di Jacobus. Bridget tó kúrò nílé lè di Delia kó tó pẹ́ ní Boston. O'Sullivan lè ju "O" náà sómi.

Nítorí náà, Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tú ilé, kí ẹ tó fọwọ́ kan Írẹ́lándì. Ìwé ìròyìn The Pilot ní Boston gbé ìkéde àwọn tó ń wá ẹbí wọn jáde láti 1831 dé 1921, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dárúkọ parish àti townland. Emigrant Savings Bank ní New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1850, máa ń bi oníbàárà léèrè ibi tí wọ́n bí i sí àti orúkọ òbí rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìwé ìgbéyàwó ìjọ ńkọ́, àti ìwé tí opó ọmọ ogun fi béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà? Ẹ wo òbí ìsàmì àwọn ọmọ pẹ̀lú. Àwọn ará ilé kan náà sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn dé òkè òkun, ìwé aládùúgbò lè sọ ohun tí ìwé baba ńlá yín kò sọ.

Mi ò ní gbogbo ènìyàn ni yóò rí tirẹ̀. Ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ Church of Ireland, tí ìwé ìjọ wọn wà lára èyí tó jóná, iná ṣe é ní ibi gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2022 láti fi ẹ̀dà tó wà níbòmíràn dí àlàfo lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì, àwọn parish Kátólíìkì kan wà tí ìwé wọn kò bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà ìyàn. Tálákà tó kú ṣáájú ìgbà yẹn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Bóyá ọ̀pọ̀ ni yóò dé nǹkan bí 1820 kí ọ̀nà tó dí. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Èyí tí mo bẹ̀rù ju iná lọ ni àwọn ìran tí ènìyàn ń dà kọ lára ara wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Annie Moore, ọmọbìnrin Cork tó kọ́kọ́ wọ Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọ Amẹ́ríkà ní New York, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1892. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń yẹ́ ìdílé Annie Moore kan tó kú sí Texas sí. Ní 2006, Megan Smolenyak tó ń tú ìtàn ìran fi hàn pé Illinois ni wọ́n bí ìyẹn sí. Annie gidi kò kúrò ní New York títí ó fi kú ní 1924. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí gbogbo ayé ń wò, ẹ ro ti Patrick Kelly tí ẹnì kan so mọ́ baba ńlá yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi ìwé kankan tì í.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àmì oyè "ìdílé Murphy" tí wọ́n ti fi férémù sí. Ènìyàn kan pàtó ni wọ́n ń fún ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ní ti àwọn tó ń gbowó láti báni wá ìran, bí ẹnì kan bá ṣèlérí pé òun yóò dé 1600 fún yín, tí kò sì tíì bi yín léèrè townland, owó yín ṣì wà lápò yín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.