Iná Wo Ló Yẹ Ewéko Inú Àpótí Ẹja?

Ẹnìkan tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Gíláàsì ti yọ̀, etí ewé gbogbo ohun tó gbìn ti pọ́n, bẹ́ẹ̀ iná tó gbé lé e lórí mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè fi kàwé ní yàrá kejì. Ó ń bi mí bóyá kí òun ra èyí tó tún lágbára jù ú lọ. Mo ní kó yáa dín in kù. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé.

Ṣé kì í ṣe bí iná bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ewéko á ṣe dàgbà tó ni?

Ó níbi tó mọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń dáná oúnjẹ rẹ̀. Gáàsì carbon dioxide tó wà nínú omi àti ajílẹ̀ tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá ni èlò ọbẹ̀. Bí iná bá wá ń jó wìì lábẹ́ ìkòkò tí èlò inú rẹ̀ kò tó nǹkan ńkọ́? Algae ló máa jàǹfààní iná tó ṣẹ́kù, ìyẹn nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí a máa ń rí lára kànga àti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù omi. Díẹ̀ ló ń tó o láti gbilẹ̀, ewéko tí ebi èlò sì ń pa kò lè bá a du nǹkan kan. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yan ewéko, kí ẹ tó yan iná. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe.

Ewéko wo wá ni iná kékeré tó?

Ará ilé wa ni mo máa fi ṣáájú. Anubias barteri ń hù létí odò inú igbó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà lára ibẹ̀. Abẹ́ ibòòji igi ló ti mọ́ ọn lára láti gbé. Ewé rẹ̀ le bí awọ, ó sì máa ń fàárọ̀ fálẹ́ kó tó yọ ewé tuntun kan. Àìyára yẹn náà ló fà á tí algae fi ń tò sórí ewé rẹ̀ tóótòòtóó bí iná bá ti pọ̀ jù. Ẹ má rì í mọ́ yanrìn o: igi ìdí rẹ̀ tó nà gbalaja, tí gbòǹgbò ń ti ara rẹ̀ yọ, á jẹrà. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Java fern, tó wá láti Éṣíà, kò yàtọ̀ sí i.

Òṣíbàtà náà ń gbé inú àpótí ẹja, àgàgà ẹ̀yà tí ewé rẹ̀ pupa, àmọ́ iná tirẹ̀ ní láti jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Rotala àti Ludwigia pupa tí ẹ ń rí nínú àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Iná líle ni, pẹ̀lú gáàsì tí wọ́n ń fi ọ̀pá rán sínú omi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Watt, lumen, Kelvin: èwo ni kí n wò lára páálí gílóòbù?

Watt ń sọ iye iná mànàmáná tí gílóòbù ń jẹ ni, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú wá. Òfin àtijọ́ tó ní watt báyìí fún gálọ́ọ̀nù omi kan, ìgbà iná onígọ̀ọ́rọ́ (fluorescent) ló ti wá. LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, ti sọ ọ́ di ìtàn.

Lumen, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù ń mú wá, ni kí ẹ wò. Lumen 10 sí 20 fún lítà omi kan ti tó Anubias. 20 sí 40 á tọ́jú èyí tó wà láàárín, bí òṣíbàtà. Bó bá kọjá 40, ẹ óò nílò gáàsì. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 36, bíi lítà 65 ló ń gbà. Ẹ fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di lumen 1,300. Gílóòbù LED 9 watt kan sábà máa ń mú nǹkan bí 800 sí 900 wá, nítorí náà méjì tó. Ṣùgbọ́n gílóòbù rogodo ń da ìmọ́lẹ̀ sí ògiri àti àjà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wá ìbòrí tó ń dán nínú fún un, tàbí kẹ́ ẹ ra LED gbọọrọ tó dojú kọlẹ̀.

Ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣòdiwọ̀n lumen, kì í ṣe ewé. Ẹ̀rọ tó ń ka ti ewé gan-an wà, ó wọ́n, ẹ kò sì nílò rẹ̀ nílé.

Kelvin ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. 6500K tí wọ́n ń kọ "Daylight" sí lára dára. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń polówó fún ewéko kò pa ewéko lára, ẹja yín ló máa dà bí ẹni tó wà nílé ijó.

Ojúoró ńkọ́?

Ojúoró ní í lékè omi, lóòótọ́. Nínú àpótí, bó bá ti lékè tán, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́. Bí iná yín bá ti le jù, ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe agbòòrùn. Ẹ kàn máa kó o dànù bó bá ti bo ìdajì ojú omi.

Wákàtí mélòó lóòjọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?

Ẹ fi wákàtí 6 sí 8 bẹ̀rẹ̀. Kò dá ewéko lójú bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Bí iná bá ń wá ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ládùúgbò yín, ẹ tàn án láti aago 5 sí aago 11, kí ẹ̀yin náà lè rí i wò. Kó ṣáà máa bọ́ sí àkókò kan náà, kí ẹja sì rí òkùnkùn sùn.

Táímà máa ń bá wa ṣe é, àmọ́ èyí tó ń yí bí aago máa ń dúró nígbà tí iná bá lọ. Tèmi fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń tan iná láago méjì òru, mo sì ń wá ẹni tó ń fọwọ́ kan àpótí mi. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú. Ọjọ́ kan tàbí méjì láìsí iná kò pa ewéko. Ẹja tí ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ ti kú ni kẹ́ ẹ sáré sí.

Ṣé kí n kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

Rárá. Oòrùn á mú omi gbóná, omi á sì dúdú bí ọbẹ̀ ewédú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó kéré tàbí ó pọ̀ jù?

Bí igi ewéko bá ń nà gbọọrọ, tí ewé jìnnà síra wọn, tí ti ìsàlẹ̀ ń já bọ́, iná kò tó. Bí gíláàsì bá ń yọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ nù ún, tàbí tí nǹkan bí irun ń hù lára ewé, ó ti pọ̀ jù: ẹ yọ wákàtí kan, kẹ́ ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Bí iná, gáàsì àti ajílẹ̀ bá bára mu, nígbà mìíràn, bí iná bá ti tàn fún wákàtí mélòó kan, ẹ óò rí ìfófòó kéékèèké tó ń ti ara ewé gòkè níkọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn ni. Èyí tó máa ń bo gbogbo nǹkan, títí kan òkúta àti gíláàsì, ní kété tí ẹ bá pààrọ̀ omi, afẹ́fẹ́ inú omi tuntun nìyẹn. Ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ̀.