Ẹ Gbọn Bàtà Yín Kí Ẹ Tó Dé Barossa

Ìbéèrè tí àwọn àlejò tí mò ń mú rìn ní Barossa, agbègbè kan tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì ní Australia, sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ibi ìfúntí mélòó la máa dé lójúmọ́. Mẹ́ta ni mo máa ń sọ, àwọn míì á sì fajú ro. Wọ́n ti rí i lórí máàpù pé àwọn ibi ìfúntí tò lọ bẹẹrẹbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fẹ́ dé gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ orí àwọn igi àjàrà ibẹ̀ ló mú Barossa yàtọ̀, ẹni tó ń sáré ò sì ní rí i.

Ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ́kọ̀ láti Adelaide, olú ìlú ìpínlẹ̀ South Australia. Ilẹ̀ àwọn Peramangk, Ngadjuri àti Kaurna, àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia, ni. Ní 1842 ni àwọn Jámánì ọmọ ìjọ Luther, tí wọn ò gbà kí ọba Prussia yí ìsìn wọn padà, wá tẹ abúlé Bethany dó. Ní ibi ìfúntí Langmeil, nílùú Tanunda, àjàrà Shiraz kan wà tí wọ́n ní 1843 ni wọ́n gbìn ín. Ó ṣì ń so, wọ́n ṣì ń fi èso rẹ̀ ṣe wáìnì.

Kí ló dé tí irú igi bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè? Kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní phylloxera, gbòǹgbò àjàrà ló ń fà mu. Láti Amẹ́ríkà ló ti dé Yúróòpù lẹ́yìn 1860, ó sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà ilẹ̀ Faransé. Ní 1877, wọ́n rí i ní Geelong, ní ìpínlẹ̀ Victoria tó bá South Australia pààlà. South Australia ṣe òfin lòdì sí i ní 1899, kòkòrò náà ò sì tíì ráyè wọlé. Níbòmíì, orí gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lọ́ igi wọn sí kí kòkòrò má bàa pa á. Ọ̀pọ̀ àgbà igi Barossa ṣì dúró lórí gbòǹgbò tiwọn.

Bàtà àti táyà ọkọ̀ lè gbé kòkòrò yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé ọgbà àjàrà ní Victoria, pàápàá Yarra Valley, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì fọ bàtà yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ má ṣe wọ àárín igi láìjẹ́ pé onílé mú yín wọ̀ ọ́. Etí ọgbà dára fún fọ́tò. Mo ń bẹ̀ yín gidigidi lórí èyí, nítorí pé igi tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣeé rọ́pò.

Tó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ máa dé, ẹ lọ sí Seppeltsfield, tí Joseph Seppelt dá sílẹ̀ ní 1851. Ní 1878, Benno ọmọ rẹ̀ gbé àgbá wáìnì dídùn kan sọ́tọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí ọgọ́rùn-ún ọdún yóò fi pé. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé tọdún náà sí i. Àwa tí a mọ ẹmu, tó ń kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ wo sùúrù tíyẹn gbà! Wọ́n lè fa wáìnì ọdún tí wọ́n bí yín jáde látinú àgbá fún yín, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ó ki, ó dùn, ẹ rọra mu ún. Àwọn igi dàbínù tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ibẹ̀, ìgbà ọ̀dá owó ńlá tó kárí ayé ni wọ́n gbìn wọ́n, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Níbi ìtọ́wò, ẹ béèrè ọjọ́ orí igi tí wáìnì náà ti wá. Wọ́n ní oyè fún un níbẹ̀: igi tó ti pé ọdún 35 di àgbà, oyè míì wà fún ọdún 70 àti 100, ti 125 ló ga jù. Eden Valley, tó jẹ́ apá kan Barossa, wà lókè, ó tutù díẹ̀, wáìnì funfun tí wọ́n ń pè ní Riesling ni kí ẹ béèrè níbẹ̀.

Ẹ má tijú láti tu wáìnì sínú abọ́ tó wà lórí káńtà. Àwa tá a ń ṣiṣẹ́ náà ń tu ú, kò rí onílé fín. Òfin ò gbà kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ọlọ́pàá sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ ọtí wò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ háyà awakọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀, ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé ò nílò wàhálà méjì lọ́jọ́ kan.

Ẹni tí kì í mutí náà máa gbádùn: ọjà àárọ̀ Sátidé ní Angaston, sọ́séèjì àwọn alápatà ọmọ Jámánì, àti orí òkè Mengler tí èèyàn ti lè rí gbogbo àfonífojì náà. February sí April ni ìkórè. Ní April àwọn ọdún tí kò ṣeé pín sí méjì, àjọ̀dún ìkórè máa ń wà, ẹ tètè gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì.