Bí Dísù Ṣe Dé Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Píkọ́ọ̀pù

Ní Ládípọ̀, ní Mùṣín, píkọ́ọ̀pù ràgàjì méjì dúró síwájú mi. Tòkúnbọ̀ ni àwọn méjèèjì, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò wọ́n kí wọ́n tó gba Àpápá wọlé. Bí o bá wò wọ́n láti òkèèrè, ìbejì ni: gíga kan náà, àga kan náà, taya tó ga dé àyà ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan ń mu bẹntiróòlù, èkejì ń mu dísù. Owó tí ti dísù fi ju ti ẹnì kejì rẹ̀ lọ tó ra Micra kan.

Iṣẹ́ kánópì, àga àti jẹnẹrétọ̀ háyà ni mò ń ṣe. Tí àwọn olóde àríyá bá ń jó lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ti fa jẹnẹrétọ̀ tó ń tan iná lé wọn lórí wá láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ọkọ̀ tó lè fa ẹrù ni mò ń wá, kì í ṣe ọkọ̀ fáàrí.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká gbé?"

Mẹkáníìkì tí mo mú dání kò dá mi lóhùn. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun sítáàtì ti dísù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kù gìrìgìrì, ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì rọra gbé e lé ẹnu ihò náà. A jọ tẹjú mọ́ ọn. Ìdérí náà ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó, ṣùgbọ́n kò fò dànù. Ó tẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn. Ó ní ríìngì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò wá sísàlẹ̀, ṣì dì mú, pé ká ní ó ti jẹ ni, atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ìbá ti ta ìdérí yẹn nù. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá sọ ohun tí gbogbo Ládípọ̀ ń sọ: "Dísù ni ọkùnrin. Ọmọ ilé-ìwé ni bẹntiróòlù."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló sọ dísù di ọkùnrin?

Ẹ jẹ́ kí n ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí o bá pariwo "Dísù!" ládùúgbò, alàgbà kan lè yọjú lójú fèrèsé, torí Ìdírísù ni àwọn bàbá wa gé kúrú bẹ́ẹ̀. Epo inú jẹnẹrétọ̀ náà, orúkọ èèyàn ló jogún, àmọ́ kò bá Ìdírísù tan. Rudolf Diesel lẹni náà ń jẹ́, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sílùú Paris lọ́dún 1858. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ pè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni epo tó ń mu wá bá wọn jẹ́ ẹ.

Bẹntiróòlù ló ṣáájú. Lọ́dún 1876, ní Jámánì kan náà, Nikolaus Otto ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele mẹ́rin: fà, fún, jó, tu. Gáàsì tí wọ́n ń yọ lára èédú ló kọ́kọ́ ń mu. Nígbà tó di 1886, Karl Benz ti gbé irú rẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Lọ́dún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha, kó ọmọkùnrin wọn méjì sínú ọkọ̀ náà láìsọ fún bàálé, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim. Ọ̀nà ni wọ́n wà tí epo fi ń tán lọ. Ilé apòògùn ló yà sí, ibẹ̀ ló ti ra òmíràn. Ilé epo wo ló tíì wà nígbà náà?

Ohun tó yẹ ká dì mú nínú ẹ́ńjìnnì Otto ni pé epo àti atẹ́gùn jọ ń wọlé ni; písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, á fún wọn mọ́ra, nǹkan mìíràn á wá ṣáná sí wọn. Iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì nìyẹn lónìí. Kò ṣeé fún ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá fún un jù, epo á máa gbiná fúnra rẹ̀ láìdúró de iná púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀; àwọn mẹkáníìkì wa á ní ó ń nọ́ọ̀kì. Ibi tí Otto dúró nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni Diesel ti bẹ̀rẹ̀.

Carl von Linde wà lára àwọn tó kọ́ Diesel níwèé ní Munich. Linde yìí ló ń ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín, Diesel sì bá a ṣiṣẹ́ yìnyín yẹn ní Paris fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó ń bá yìnyín ṣòwò ló wá ń ronú iná. Ohun tó ń bí i nínú ni ẹ̀rọ onísítíìmù: èédú tí wọ́n ń kì sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ ooru rẹ̀, èéfín ló ń bá lọ.

Ẹ lọ bá fọganáísà tó sún mọ́ yín, ẹ ní kó yá yín ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Ìdí pọ́ǹpù á gbóná débi pé ẹ ó fẹ́ fọwọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò finá sí i. Fífún tí ẹ ń fún atẹ́gùn mọ́ra ló mú un gbóná. Ọgbọ́n Diesel kò ju ìyẹn lọ. Ó ní kí atẹ́gùn nìkan wọlé, kí písítìn fún un títí tí yóò fi gbóná janjan, ìgbà yẹn ni ká tó fín epo sí i. Epo tó bá kan irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró de púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí kò sì sí epo nínú ohun tó ń fún, ó lè fún atẹ́gùn náà di ìdá kan nínú 16 títí dé 20. Ti bẹntiróòlù kì í sábà kọjá ìdá kan nínú 10 tàbí 11. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára dísù wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀wọ́n rẹ̀ wà, torí ohun tó máa gba irú ìfún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ki, ó gbọ́dọ̀ wúwo.

Oṣù Kejì 1893 ni Jámánì fún un níwèé àṣẹ lórí èrò yìí. Orí ìwé ló dẹrùn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Augsburg, epo tí wọ́n kọ́kọ́ fín sínú ẹ́ńjìnnì náà bú gbàù, ó fọ́ ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀ yángá. Ẹlòmíràn ìbá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí Diesel rí níbẹ̀ ni pé epo gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ó tún jà á fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter láti Munich wá dán an wò: irin tó ga tó mítà 3, agbára ẹṣin bíi 20, ó sì ń sọ nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 ooru epo di iṣẹ́. Ìyẹn ni pé nínú igi mẹ́rin tí o kì sábẹ́ ìkòkò, ọ̀kan péré ló se ọbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onísítíìmù ìgbà náà kò dé ìdajì ìyẹn. Ní ìpàtẹ ńlá ti Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà. Òróró ẹ̀pà tí à ń fi dín nǹkan jẹ!

Kò jẹ ẹ́ pẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, yàrá rẹ̀ ṣófo. Inú òkun ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ní gbèsè ló mú un bẹ́ sódò, àwọn kan ní wọ́n tì í ni.

Títí ó fi kú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì di ti ojú títì. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ńlá kan ló gbọ́dọ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fẹ́ epo wọlé, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí ọkọ̀? Prosper L'Orange, tó ń bá Benz ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí tú ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1909. Ìgbà tó fi máa di 1923 sí 1924, Benz àti MAN, ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn, ti ní lọ́rì dísù. Lọ́dún 1927, Bosch bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pọ́ǹpù tó ń wọn epo tín-ín-tín, tó sì ń tì í wọlé tagbáratagbára. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù àti nọ́súlù ní Ládípọ̀ lónìí: ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́ ju ti gbogbo aládùúgbò lọ, torí iyanrìn tí ojú ò rí ti tó láti ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́. Owó wọn náà ò sì kéré.

L'Ékòó ńkọ́? Nǹkan bí ìgbà tí Diesel bómi lọ yẹn ni Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ Blaize oníṣòwò, gbé ọkọ̀ akérò Àǹfààní jáde. Bẹntiróòlù ni ayé ń wà nígbà náà. Bẹntiróòlù náà ni ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà tó tẹ̀lé e ń mu, àwọn Bedford onípákó tí ọmọ ọkọ̀ máa fi irin yí níwájú kó tó jí. Mọlúè ló fi dísù han ará Èkó lójoojúmọ́: ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì Mercedes 911, tí àwọn wẹ́dà wa kan ilé lé lórí. Á ru èèyàn bí ẹní ru iṣu, á rọra fà kúrò ní Ọ̀yìngbò, èéfín dúdú á sì bo gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn. Dáńfó Volkswagen ní tirẹ̀, bẹntiróòlù ló ń mu, ó ń sáré kiri bí ewúrẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti ṣẹ̀. Ẹni tó ń ru ni wọ́n pè lọ́kùnrin.

Owó epo náà dá sí i. Ní Yúróòpù, ìfowópamọ́ ló lé àwọn onímọ́tò kékeré sọ́dọ̀ dísù. Níbí, ìjọba ń bá wa san lára owó bẹntiróòlù fún ọdún gbọọrọ. Ta ló máa wá ra ẹ́ńjìnnì tó wọ́n nítorí kó lè dín epo mímu kù?

Epo kò wọ́n l'Ámẹ́ríkà náà, wọn ò sì ka dísù sí. Lọ́dún 1978, General Motors (GM) gbé dísù líta 5.7 sínú píkọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n tẹ̀ lé àwòrán ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù Oldsmobile ṣe. Bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ kò gba ìfún Diesel. Gásíkẹ́ẹ̀tì ń jó, orúkọ dísù sì bàjẹ́ káàkiri. Ford ò bá ọgbọ́n yẹn lọ; ẹ́ńjìnnì lọ́rì 6.9 ti International Harvester ló gbà ní 1983. Ṣùgbọ́n 1989 ni eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Dodge ki ẹ́ńjìnnì dísù Cummins líta 5.9 bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù rẹ̀, Ram. Agbára ẹṣin 160 péré! Ọmọ Èkó tó ń wa Camry V6 á fi í ṣẹ̀sín. Àmọ́ agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ 400 lb-ft, bí Amẹ́ríkà ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sì dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ké tantan kó tó mú un jáde. Agbára ẹṣin ló ń sáré. Agbára ìfà ló ń yọ lọ́rì nínú ẹrẹ̀. Ford dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísù Power Stroke ní 1994, GM àti Isuzu jọ gbé tiwọn, Duramax, jáde fún 2001.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dí ẹnu èéfín. Láti 2006, Amẹ́ríkà ní imí ọjọ́ inú dísù ojú títì kò gbọ́dọ̀ ju 15 nínú mílíọ̀nù lọ, àwọn píkọ́ọ̀pù 2007 sì bẹ̀rẹ̀ sí ní àsẹ́ nínú sàlẹ́ńsà tó ń gba dúdú èéfín dúró. Ìrìn gígùn ni àsẹ́ yẹn fi ń jó ara rẹ̀ mọ́. Gbé e sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, á dí, ọkọ̀ á kọ̀ kò níí fà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ládípọ̀ ni kí wọ́n gé e sọnù. Mi ò fara mọ́ ọn. Èéfín tí òyìnbó fi owó ńlá dí, imú ìyá oníbọ̀ọ̀lì ẹ̀bá títì la wá ń tú u sí.

Iye epo náà ti yí padà. Dísù fò kọjá ₦700 lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukiréènì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọwọ́ nínú owó bẹntiróòlù tó ń bá wa san lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù tó ń lọ bíi ₦190 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀ sí fọ dísù ní oṣù Kìíní 2024. Oṣù Kẹsàn-án ni bẹntiróòlù tirẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ká ní búrẹ́dì ni mò ń pín láàárín Ṣúrùlérè sí Yábàá, bẹntiróòlù ni ǹ bá gbé láìwẹ̀yìn. Owó rẹ̀ kéré, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà níbi gbogbo, kò sì sí àsẹ́ tó ń dí. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí mò ń fà, dísù ló ń mu. Kẹ́ẹ̀gì kan náà á bọ́ àwọn méjèèjì, mẹkáníìkì kan náà á sì wo àwọn méjèèjì. Mo san owó Micra yẹn lé e. Mo ní kí wọ́n má gé àsẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní mo máa kábàámọ̀. Ní báyìí, ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbé e gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ dé Ṣàgámù kí n tó yí padà, kí àsẹ́ lè rí ara rẹ̀ jó mọ́.

Nítorí àwọn ọmọ ilé epo tó máa ń fi bẹntiróòlù sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, mo ní kí ọmọṣẹ́ fi ọ̀dà funfun kọ DÍSÙ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rọpo. Lọ́jọ́ kejì, bàbá onílé wa, tí Ìdírísù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó kọ orúkọ àwọn sára mọ́tò.