Etí Ronnie Milsap Kì í Ṣe Pàṣípààrọ̀ Ojú Rẹ̀

Bí afọ́jú kan bá jókòó ti dùùrù, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àwọn èèyàn a máa sọ pé Ọlọ́run tí ó gba ojú rẹ̀ ti fi etí dí i fún un. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ń sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún di ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ẹ wo Ronnie Milsap, olórin kọ́ńtírì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí tòun ti àìsàn ojú glaucoma ní ìlú Robbinsville, North Carolina, lọ́dún 1943. Ìyá rẹ̀ gbà pé ìjìyà láti ọ̀run ni ojú ọmọ náà, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn òbí àgbà, tí àwọn náà kò rí já jẹ.

Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tí wọ́n fi mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Raleigh. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ fáólìnì, dùùrù àti gìtá, orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ ríran má fojú kéré èyí: ẹni tí ó ń ka orin ní braille, ìkọ̀wé alámì tótòtó tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, kò lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù lákòókò kan náà, nítorí ìka ni ó fi ń kàwé. Yóò fi ọwọ́ kan kà, yóò fi èkejì tẹ̀, yóò pààrọ̀ wọn, lẹ́yìn náà ni yóò tó pa méjèèjì pọ̀ láti inú orí.

Ó tún lọ sí Young Harris College ní Georgia, àǹfààní ẹ̀kọ́ òfin sì ṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n olórin Ray Charles, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, gbà á níyànjú pé kí ó tẹ̀ lé orin. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn ní Memphis. Òun ni ó tẹ dùùrù nínú orin “Kentucky Rain” tí olórin Elvis Presley fi ohùn rẹ̀ kọ. Ó ti tó ọmọ 30 ọdún kí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde RCA tó gbà á lọ́dún 1973, lẹ́yìn tí olórin kọ́ńtírì Charley Pride ti rọ̀ ọ́ pé kí ó gbájú mọ́ kọ́ńtírì. Orin rẹ̀ 35 ni ó dé ipò kìíní lórí àtẹ orin kọ́ńtírì ti ìwé ìròyìn Billboard.

Nítorí náà, bí òbí kan bá mú ọmọ afọ́jú wá sọ́dọ̀ mi, n kì í kọ́kọ́ bi í bóyá ọmọ náà lẹ́bùn. Mo máa ń bi í bóyá ó ti ń ka braille.