Kunigunde: Orúkọ Tó Ń Kú Lọ Nílé, Tó Yè Lẹ́yìn Odi

Bí o bá dúró láàárín ọjà ní Kraków, ní orílẹ̀-èdè Poland, tí o ké pe "Kinga!", ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan yíjú padà wò ọ́. Ọmọ ilé-ìwé lè máa jẹ́ ẹ, ìyá ọlọ́mọ náà lè máa jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ké pe "Kunigunde!" nígboro Berlin, àfàìmọ̀ kí àwọn èèyàn má rò pé ìyá àgbà kan lò ń wá. Bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni méjèèjì. Kunigunde ni odindi rẹ̀, Kinga ni bí wọ́n ṣe gé e kúrú ní Hungary àti Poland. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì àtijọ́ ló ni orúkọ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn gan-an ló sì ti ṣọ̀wọ́n jù. Mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ púpọ̀, torí pé ó jẹ́ kí ojú ẹni là sí ohun tó ń mú orúkọ gbilẹ̀ àti ohun tó ń mú un rọ.

Àwọn tí à ń pè ní ẹ̀yà Germanic ni baba ńlá àwọn ará Jámánì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Netherlands, Denmark, Sweden àti Norway. Láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ méjì tó níyì ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ láti fi sọ ọmọ lórúkọ: ogun, òkìkí, ìmọ́lẹ̀, ìkookò, agbára, àlàáfíà. Wọ́n lè mú ọ̀rọ̀ kan nínú orúkọ bàbá kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tọmọ, bí àwa náà ṣe ń fi Adé, Ọlá, Akin tàbí Ifá dá ọmọ ilé mọ̀. Púpọ̀ nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wọlé tọ̀ wá láti ìgbà ayé àwọn míṣọ́nnárì. Herbert tí Herbert Macaulay ń jẹ́, ọmọ-ogun àti ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀. Frederick tí Rotimi Williams, àgbà amòfin, ń jẹ́, àlàáfíà àti alákòóso ni.

Kunigunde náà, ọ̀rọ̀ méjì ló bí i. Èkíní ni *kunni*, ìran tàbí ẹbí; ìbátan rẹ̀ ni *kin* tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò títí dòní. Èkejì ni *gund*, ogun. Àwọn onímọ̀ èdè kan gbà pé èkíní lè jẹ́ *kuoni*, akíkanjú, èyí tó wà nínú orúkọ Konrad. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má ṣe fi ipá sọ ọ́ di gbólóhùn. Orúkọ tiwa sábà máa ń sọ̀rọ̀: ẹni tó gbọ́ Ògúnbíyìí ti gbọ́ odindi ọ̀rọ̀. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Hildegund: *hild*, ogun, *gund*, ogun. Ta ni yóò jókòó, tí yóò ronú, kí ó tó pe ọmọ ní "ogun-ogun"? Iyì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹbí tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, wọn kò wá ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ méjèèjì máa jọ mú wá. Bí *gund* bá wà lẹ́yìn, obìnrin ló ń jẹ́ ẹ: Kunigunde, Hildegund, Radegund. Bí ó bá ṣíwájú, ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹ, bíi Gunther.

Láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ tí wọ́n so pọ̀ báyìí, kí ló wá gbé Kunigunde ga? Obìnrin kan ni.

Ọmọ Siegfried, olórí Luxembourg, ni Kunigunde yìí, wọ́n sì bí i ní nǹkan bí ọdún 975. Ó fẹ́ Heinrich, ẹni tó jọba Jámánì ní 1002, tí póòpù sì dé òun àti ìyàwó rẹ̀ ládé olú-ọba ní Róòmù ní 1014. Wọn kò bímọ. Ní 1007, wọ́n dá ẹkùn bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Bamberg, wọ́n sì kó ọrọ̀ lé ìlú náà lórí bí ẹni pé ọmọ wọn ni. Nígbà tí Heinrich kú ní 1024, opó rẹ̀ ló di ìlú mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àwọn ohun oyè wà títí wọ́n fi yan Konrad Kejì ní ọba tuntun, ẹni tí ayaba wá kó wọn lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó bọ́ aṣọ ayaba, ó wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Kaufungen tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní 1200, Póòpù Innocent Kẹta kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Ibojì òun àti ọkọ rẹ̀ wà ní kàtídírà Bamberg títí dòní. Tilman Riemenschneider, gbẹ́nàgbẹ́nà àti agbẹ́kùúta tó lórúkọ jù lọ ní àdúgbò náà nígbà ayé rẹ̀, ló gbẹ́ ẹ láti 1499 sí 1513. Tọkọtaya náà sùn gbalaja lókè, ìtàn ayé wọn sì yí ẹ̀gbẹ́ ibojì ká. Ẹ̀gbẹ́ kan fi ayaba hàn tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí irin ìtúlẹ̀ tí wọ́n fi iná yọ pupa: ìtàn náà sọ pé wọ́n fẹ̀sùn àgbèrè kàn án, ó rìn ín, kò jóná. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi tó ti ń sanwó fún àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé abọ́ owó síwájú wọn, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ mú owó iṣẹ́ rẹ̀; gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe wí, kò sí ẹni tó lè mú ju ohun tó tọ́ sí i lọ. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn báyìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti kékeré, kò ní ṣòro fún un láti sọ ọmọ rẹ̀ ní Kunigunde.

Ìgbéyàwó àwọn ọba náà gbé orúkọ náà káàkiri. Ní 1036, Gunhild, ọmọ Ọba Canute ti Denmark àti England, fẹ́ ọmọ olú-ọba Jámánì tó ń bọ̀ wá jẹ́ Heinrich Kẹta. Nílé ọkọ, Kunigunde ni wọ́n wá ń pè é. Ìyàwó Ottokar Kejì, ọba Bohemia, ilẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech òde òní, Kunigunde ni. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Béla Kẹrin, ọba Hungary, lòun. Béla yìí kan náà ló bí ẹni tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ ikú.

Ní 1224 ni wọ́n bí ọmọ Béla ọ̀hún, wọ́n sọ ọ́ ní Kunigunde, ọdún mẹ́rìnlélógún péré lẹ́yìn tí Róòmù kéde ẹni mímọ́ ti Bamberg. Kinga ni ilé fi ń pè é. Wọ́n fi í fún Bolesław, ọmọ ọba kan ní Poland tí ìlú rẹ̀ jẹ́ Kraków. Àwọn awakùsà ilẹ̀ náà ní ìtàn kan tí wọn kì í jẹ́ kó tutù: nígbà tí Kinga ń lọ sílé ọkọ, ó ju òrùka àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sínú kòtò iyọ̀ kan ní Hungary. Nígbà tó dé Poland, ó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ ní Wieliczka. Iyọ̀ ni wọ́n kàn. Nígbà tí wọ́n la òkúta iyọ̀ àkọ́kọ́ sí méjì, òrùka náà wà nínú rẹ̀. Ní ayé tí iyọ̀ jẹ́ owó, tí ọrọ̀ ọba Poland sì ti ibẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé orúkọ Kinga ti kúrò ní ti ẹ̀sìn nìkan, ó ti di ti oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1279, òun náà wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Stary Sącz, ó sì kú síbẹ̀ ní 1292. Lábẹ́ ilẹ̀ Wieliczka, ní nǹkan bí mítà 101 sísàlẹ̀, àwọn awakùsà gbẹ́ odindi ṣọ́ọ̀ṣì kan sínú iyọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Iyọ̀ ni pẹpẹ, iyọ̀ ni àwòrán ara ògiri, iyọ̀ ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ fìtílà tó rọ̀ lókè. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1999, Póòpù John Paul Kejì, tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kraków tẹ́lẹ̀, kéde Kinga ní ẹni mímọ́ ní Stary Sącz gan-an.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì. Bí èdè ṣe ń yí padà, *kunni* àti *gund* kú lẹ́nu àwọn èèyàn. Orúkọ tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó so ó mọ́ ilẹ̀ àfi ẹni tí wọ́n fi í rántí. Láti nǹkan bí ọdún 1200 lọ sókè, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ orúkọ inú Bíbélì àti ti àwọn ẹni mímọ́ ilẹ̀ òkèèrè: Johannes, Elisabeth, Katharina, Margarete. Àwọn orúkọ alápá méjì àtijọ́ ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kunigunde pẹ́ nílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé ẹni mímọ́ ló ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ààbò yẹn kò gbòòrò. Àgbègbè Franconia, tí Bamberg wà, ni ó ti gbilẹ̀ jù. Nínú ìwé ìrìbọmi àwọn abúlé ibẹ̀, Kunigunda pọ̀ lọ rẹpẹtẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Lójú àwọn ará ìta, ó ti di orúkọ ayé àtijọ́ tipẹ́. Nígbà tí Voltaire, òǹkọ̀wé ará Faransé, ń wá orúkọ tó máa pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín fún ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá kan ní Jámánì nínú ìwé *Candide* ní 1759, Cunégonde ló mú. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ ń pàdé orúkọ obìnrin tó ṣe àkóso ìlú.

Kinga kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, kò sì ní eruku ìwé àtijọ́ lára. Obìnrin tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Hungary láti 2006 sí 2009, Kinga Göncz, ló ń jẹ́ ẹ. Ní Poland, ọjọ́ 24 oṣù keje, ọjọ́ tí Kinga ti Stary Sącz kú, ni ọjọ́ orúkọ àwọn tó ń jẹ́ ẹ, àwọn ọ̀rẹ́ á sì gbé òdòdó wá kí wọn.

Ẹni tó bá ń tú ìwé ìrìbọmi Franconia láti wá àwọn ìyá ńlá rẹ̀, kí ó fi ọkàn sí i pé Kunigunda, Kunigund, Gunda àti Kuni lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Àlùfáà lè kọ odindi orúkọ lọ́jọ́ ìrìbọmi, kí ìgékúrú tí ilé ń pè é sì jẹ́ èyí tó hàn nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀.